Òkúta Orí Òkè Lékeléke

Ẹni tó bá dúró lẹ́yìn ọjà Mile 12, níbi tí ilé ti tán tí koríko ti bẹ̀rẹ̀, á rí òkè kan lókèèrè tó yọ orí láàárín àbàtà. Kò ga. Ní ìlú olókè bíi Ṣakí, òkìtì lásán ni wọn ì bá pè é. Ṣùgbọ́n ní ìhà Ìkòsí, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú títí dé etí odò Ògùn, ohun tó bá ti ga ju ènìyàn mẹ́ta tó gun ara wọn léjìká lọ, òkè ni. Àwọn lékeléke máa ń wọ̀ sí orí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Òkè Lékeléke. Wọ́n máa ń ní àbàtà ta kété bí ẹni tí kò bá odò tan. Òkè yìí ta kété sí àbàtà àti odò pẹ̀lú. Ní ọdún 2005 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ẹni kan ṣoṣo ló mọ ọ̀nà ibẹ̀ láìṣìnà. Àtàndá Oyèwùmí ni orúkọ rẹ̀.

Ọmọ Ṣakí ni. Ìgbà tó dé Èkó, iṣẹ́ tó rí ni alágbàṣe lọ́dọ̀ awọnlẹ̀ kan tó ń jẹ́ Elkanah, tó ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Kétu. Ọ̀gá ló ń wo inú awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tó ń kọ nǹkan sínú ìwé. Àtàndá ló ń fi àdá la ojú ọ̀nà nínú igbó kí awò lè ríran, òun ló ń fa ṣéènì tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀, òun ló ń ru òkúta ààlà lórí. Òkúta náà kì í ṣe òkúta gidi. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n dà ni, ó gùn tó apá àgbàlagbà, wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí i lórí. Ibi tí ọ̀gá bá kan èèkàn mọ́, ibẹ̀ ni Àtàndá á gbẹ́, tí á ri òkúta sí. Ó ri òkúta bẹ́ẹ̀ láti Mende dé Alápẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ilé ti bò mọ́lẹ̀.

Ní ọdún 2005, ó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún. Ọ̀gá Elkanah ti kú. Karimot ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, Fọláyẹmí, wà ní ilé ọkọ ní Kàdúná, ó sì máa ń pè lórí fóònù ní ọjọ́ Àìkú. Bàbá á ní, “Ara mi le,” ọmọ á ní, “Ẹ máa jẹun o, Daddy,” fóònù á sì gé. Ní ọjọ́ tó kù nínú ọ̀sẹ̀, kò sí ẹni tó ń bi í léèrè bóyá ó jẹun.

Ìgbà méjì lọ́sẹ̀ ló máa ń lọ sí orí òkè. Ó ní ọ̀pá irin kan tó rà ní Owódé Onírin, tó ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Kó tó gbé ẹsẹ̀, á kọ́kọ́ fi ọ̀pá bi ilẹ̀ léèrè. Bí ọ̀pá bá wọlẹ̀ wọ́ọ́rọ́ láìsí ìdíwọ́, á yà sápá kan. Bó bá rin díẹ̀ tó dúró, á tẹ̀ ẹ́. Koríko tútù yọ̀yọ̀ ni kò gbẹ́kẹ̀ lé rí, nítorí omi ló wà lábẹ́ rẹ̀; ibi tí èèsún bá ti gbẹ tó sì rún ni ilẹ̀ ti le. Ọ̀nà náà kì í dúró sójú kan. Bí odò Ògùn bá kún ní oṣù Kẹwàá, á kó gbogbo rẹ̀ dànù, Àtàndá á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bi ilẹ̀ léèrè lọ́tun. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Bàbá Ẹrọ̀fọ̀. Kò bínú sí i. Ó sàn ju kí wọ́n má pe ènìyàn rárá.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1982.

Ìdílé méjì ló ni àbàtà náà. Ìdílé Fàsásì ló ni ti ìwọ̀-oòrùn, ìdílé Ṣọládé ló ni ti ìlà-oòrùn. Wọ́n gba Ọ̀gá Elkanah pé kó pààlà fún wọn. Ọ̀gá wọn ilẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ní ọjọ́ kẹta ó kan èèkàn mọ́ ìsàlẹ̀ òkè, ní ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gbogbo òkè jẹ́ ti Ṣọládé. Òjò ṣú. Ibà sì ti ń ṣe ọ̀gá láti àárọ̀. Ó ní kí Àtàndá ri òkúta kó máa bọ̀, ó sì bá ti ẹ̀ lọ.

Àtàndá gbẹ́ ihò, omi kún un. Ó gbọ́n omi, omi tún kún un. Ó gbé òkúta sí i bẹ́ẹ̀, ó sì rí i tí òkúta ń wọlẹ̀ lọ lójú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ẹnìkan ń fà á láti ìsàlẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ ẹrọ̀fọ̀ títí dé abíyá, kò kan nǹkan kan.

Òkúta kejì wà lẹ́bàá rẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń mú dání nítorí bí ọ̀kan bá fọ́. Ó dúró, ó ń wò ó. Àṣà ilé wọn ní Ṣakí ló wá sí i lọ́kàn. Ní ilé wọn, a kì í fi ààlà pamọ́ sínú kòtò. Orí ibi gíga ni wọ́n ń fi sí, níbi tí oko ọ̀tún á ti rí i, tí oko òsì á ti rí i, wọn á sì gbin pèrègún tì í, kí ojú lè tètè mọ̀ ọ́n. Ààlà tí ojú kò rí, ìjà ló ń bí. Bàyìí ni bàbá rẹ̀ kọ́ ọ. Ó wá gbé òkúta kejì gun òkè, ogójì ìṣísẹ̀ sí ibi tí wọ́n rán an, ó rì í mọ́ orí òkè gan-an. Ó dúró gbọin-in. Ó ṣẹ́ ẹ̀ka pèrègún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó gbìn ín tì í.

“Ṣé òkúta dúró?” ọ̀gá bi í lórí ibùsùn.

“Ó dúró dáadáa, sà.”

Ọ̀gá kò bi í pé níbo. Ọkàn Àtàndá balẹ̀ nígbà náà. Ó rò pé iṣẹ́ rere lòun ṣe. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ni Ọ̀gá Elkanah lé alágbàṣe kan lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ó sún òkúta kan ní ìbú àtẹ́lẹwọ́, kó lè yẹ̀ fún gbòǹgbò igi. Ìbú àtẹ́lẹwọ́! Ní ọjọ́ yẹn ni Àtàndá mọ ohun tóun ṣe. Ẹ̀rù bà á, kò sọ ọ́. Nígbà tó yá, ọ̀gá kú, omíyalé wọ ọ́fíìsì, gbogbo ìwé di ẹrẹ̀. Ẹnu Àtàndá nìkan ló wá kù tó mọ ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí iṣẹ́ awọnlẹ̀ tán, Bàbá Fàsásì àgbà, tó gbà pé ìdajì òkè jẹ́ tòun, fún Àtàndá láyè láti máa dáko síbẹ̀. Karimot ló gbin ilá sí i. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko ni tọkọtaya yìí fi ń la àbàtà kọjá, Àtàndá níwájú pẹ̀lú ọ̀pá, Karimot lẹ́yìn pẹ̀lú agbọ̀n, tí á máa ṣẹ̀fẹ̀ pé òun kò mọ̀ pé ọkọ tòun máa ń fọgbọ́n tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ilẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́. Orí òkúta ààlà ló máa ń jókòó lé jẹun ọ̀sán. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ ní 2001, ó ní, “Ẹ má gbé mi lọ síbi tí ariwo ọkọ̀ kò ti ní jẹ́ kí n sùn.” Àtàndá lọ bẹ Bàbá Fàsásì pé kó jẹ́ kí wọ́n sin ín sórí òkè, bàbá sì gbà. Ọkùnrin mẹ́fà ló tò tẹ̀lé ara wọn nínú àbàtà, pẹ̀lú òkú lórí, wọ́n ń tẹ ojú ẹsẹ̀ Àtàndá. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, òun nìkan ló ń lọ.

Oṣù Kejì ọdún 2005 ni ìdílé méjèèjì pinnu láti ta ilẹ̀ wọn. Ìlú ti kún, àwọn ènìyàn ti ń ra omi tí wọ́n ń dí i kọ́lé. Wọ́n fẹnu kò pé níwọ̀n ìgbà tí ìwé kò sí mọ́, ibi tí Àtàndá bá ti fi òkúta hàn ni ààlà, kò sí ẹjọ́ mọ́. Wọ́n pe awọnlẹ̀ tuntun, Ọ̀gbẹ́ni Adéníran, wọ́n dá ọjọ́.

Ọjọ́ náà ku ọ̀la nígbà tí Àtàndá mú ọ̀pá rẹ̀, tó fẹ́ lọ sórí òkè. Ó ní láti gba iwájú ṣọ́ọ̀bù ìlọta Nimat Ṣọládé. Obìnrin yìí ni àgbà ìdílé Ṣọládé tó kù. Láti bí ogún ọdún ló ti ń sọ fún gbogbo ayé pé bàbá òun wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí Elkanah kan èèkàn, pé ìsàlẹ̀ òkè ni wọ́n kàn án mọ́, kì í ṣe orí rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Bàbá-Mi-Sọ.

“Bàbá Ẹrọ̀fọ̀! Ẹ kú ìrìn o,” Nimat pè é. “Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ṣáájú wa lọ́la.”

“Èmi ni, Àǹtí Nimat.”

“Ẹ ṣáà la ojú yín dáadáa. Nítorí bàbá mi sọ pé—”

“Ó ti tún dé!” Godwin, mẹkáníìkì tó ń tú ẹ̀rọ ìlọta, gbé orí sókè. “Mummy, ṣé bàbá yín ò sọ nọ́ńbà tó máa jáde nínú tẹ́tẹ́ lọ́sẹ̀ yìí?”

“Bàbá mi sọ pé mẹkáníìkì tó bá ń sọ̀rọ̀ ju iṣẹ́ lọ, kí n fi òróró ata pa á lójú.”

Gbogbo àwọn tó gbé ata wá lọ̀ rẹ́rìn-ín. Àtàndá náà rẹ́rìn-ín. Ó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kó má baà dá yàtọ̀.

Nimat tẹ̀lé e jáde. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. “Àwọn àbúrò mi ló ń sáré owó. Wọ́n ti bá àwọn onítípà sọ̀rọ̀: bí òkè bá jẹ́ tiwa, wọ́n máa gbẹ́ erùpẹ̀ pupa yẹn dí àbàtà. Èmi ò ṣe tìtorí ìyẹn. Mo kàn fẹ́ mọ̀ kí n tó kú bóyá bàbá mi purọ́ fún mi ni.”

Àtàndá ní, “Ọ̀la ò jìnnà,” ó sì kọjá lọ.

Ọ̀sán ni. Oòrùn oṣù Kejì ti gbá ojú àbàtà gbẹ, ó ti là bí ẹsẹ̀ àgbẹ̀, ṣùgbọ́n lábẹ́ ìpele gbígbẹ yẹn ẹrẹ̀ ṣì ń mì. Àtàndá ń gún ọ̀pá, ó ń rìn. Ilé tán lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ariwo ọjà di ohùn oyin, nígbà tó yá kò jọ nǹkan kan mọ́. Èèsún ga ju orí rẹ̀ lọ ní ọ̀tún àti ní òsì. Kò rí ohun kankan bí kò ṣe ojú ọ̀run àti orí pèrègún lókè níwájú. Níbì kan ọ̀pá wọlẹ̀ dé ìdajì, ó fà á yọ, ó wo omi dúdú tó ń kún ojú ihò rẹ̀. Ó yà sápá òsì. Kò sí ẹni tó máa sọ fún un pé ó káre.

Orí òkè gbẹ. Atẹ́gùn ń fẹ́ níbẹ̀. Ó ta omi sórí ewé díẹ̀ tó hù sí ojú sàréè Karimot, ó tún òkúta wẹ́wẹ́ tó tò yí i ká tò. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí òkúta ààlà, ibi tí ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó sí.

Ọ̀rọ̀ náà kò le láti rò. Bó bá mú wọn gun òkè lọ́la, tó nawọ́ sí òkúta yìí, kò ní purọ́ kankan. Òkúta ni wọ́n ní kó fi hàn, òkúta nìyí. Ìdajì òkè á jẹ́ ti Fàsásì, Karimot á máa sùn. Bó bá sì ya ẹnu, gbogbo òkè á bọ́ sọ́wọ́ Ṣọládé, típà á dé, ṣọ́bìrì á dé. Kí ló wá fẹ́ sọ ọ́ sí? Nítorí obìnrin alọta kan tí wọ́n ń fi bàbá rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀?

“Karimot,” ó ní, ó sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé òun sọ̀rọ̀ jáde. “Òkúta tí o máa ń jókòó lé yìí, kì í ṣe ibí ló yẹ kó wà. Mi ò sọ fún ọ.”

Lékeléke kan bà, ó wò ó, ó fò lọ.

Kó tó lọ sílé, ó gba ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn sọ̀ kalẹ̀. Ó gún ọ̀pá sí ibi tí èèkàn ọ̀gá wà nígbà kan rí. Kò kan nǹkan. Ó sún díẹ̀, ó gún un. Ní ìgbà keje, ọ̀pá wọlẹ̀ tó ìwọ̀n àyà rẹ̀, ó sì dún: kì. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó di ọ̀pá mú. Ọdún mẹ́tàlélógún, òkúta kò tíì kú. Ó fa ọ̀pá yọ, ẹrẹ̀ pa ẹnu dé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn mẹ́rin ló wọ àbàtà: Àtàndá níwájú, Ọ̀gbẹ́ni Adéníran tẹ̀lé e pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀, Nimat nínú bàtà rọ́bà tó tóbi jù fún un, Ládé, ọmọ Bàbá Fàsásì tó ti di olóògbé, gbẹ̀yìn.

“Ẹ tẹ ibi tí mo bá tẹ̀,” Àtàndá sọ fún wọn.

“Bàbá, ẹ má jẹ́ kí n rì o, mi ò tíì gbéyàwó,” Adéníran ní. Nimat ní bó bá rì, òun á fi ọmọbìnrin kan ránṣẹ́ sí i nísàlẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n dé ìsàlẹ̀ òkè, Àtàndá sì dúró.

“Ẹ jẹ́ ká gùn ún, oòrùn ń mú,” Ládé ní.

“Ibí ni.”

“Ibí ni kí ni?”

“Ibi tí ọ̀gá mi kan èèkàn mọ́.”

Adéníran wo òkè, ó wo bàbá. “Daddy, òkúta wà lókè. Mo ń rí pèrègún ẹ̀ láti ibí.”

“Ó wà lókè. Èmi ni mo gbé e lọ síbẹ̀. Ibi tí wọ́n rán mi kọ́ nìyẹn. Èyí tí wọ́n ní kí n rì síbí ti wọlẹ̀ lọ, ẹ̀rù sì bà mí láti sọ ọ́.” Ó gún ọ̀pá. Kì. “Ẹ gbọ́ ọ?”

Wọ́n gbẹ́ ẹ fún wákàtí méjì, wọ́n ń fi garawa gbọ́n omi. Ní ìgbẹ̀yìn Adéníran bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó dojú bolẹ̀, ó ki apá bọ inú ẹrẹ̀, ó sì fi ìka ka nọ́ńbà orí òkúta sókè bí afọ́jú ṣe ń kàwé.

Ojú Ládé ti le. “Bàbá, kí ni wọ́n fún yín? Ṣé ẹ rántí pé ìyàwó yín wà lórí òkè yẹn? Bàbá mi fún yín láyè lọ́fẹ̀ẹ́!”

“Mo rántí.”

“Ìyàwó ta ni?” Nimat béèrè. Ó wo òkè, ó wo Àtàndá, ó sì yé e. Kò kí i, kò dúpẹ́. “Ọdún mẹ́tàlélógún,” ó ní. “Wọ́n ń fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ níṣojú yín. Ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín. Mo máa ń rí yín.”

“Mo rẹ́rìn-ín.”

Ó yí padà, ó ń lọ lóun nìkan. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà ni, ó tẹ koríko tútù, ó wọlẹ̀ dé orúnkún. Àtàndá na ọ̀pá irin sí i. Nimat dì í mú láìwo ojú rẹ̀, ó fa ara rẹ̀ jáde, bàtà rọ́bà kan kù sínú ẹrẹ̀.

“Mi ò tíì dárí jì yín o,” ó ní, ọ̀pá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ má tíì dárí jì mí. Ẹ tẹ ọwọ́ òsì, ibẹ̀ le.”

Nígbà tó sìn wọ́n jáde tán, Àtàndá padà lọ sórí òkè. Ó ṣẹ́ ẹ̀ka mẹ́rin lára pèrègún, ó gbìn wọ́n sí igun mẹ́rin sàréè. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Kò tún gba iwájú ṣọ́ọ̀bù ìlọta kọjá títí ọdún yẹn fi parí. Ọ̀nà jíjìn ló ń gbà.

Típà dé ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó tẹ̀lé e. Ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta ni wọ́n fi gbẹ́ òkè náà. Láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ni Àtàndá ti ń rí i tó ń kéré sí i. Àwọn awakọ̀ sọ pé ìyá arúgbó kan máa ń wá ní àràárọ̀, á jókòó sórí àpótí, á sì máa nawọ́ sí ibi tí wọn kò gbọ́dọ̀ dé. Bí wọ́n bá béèrè ìdí, á ní bàbá òun ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ní 2008, ìyókù Òkè Lékeléke kò ju ìwọ̀n yàrá kan lọ. Ó dá dúró láàárín ilẹ̀ tuntun, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gé gẹ́rẹ́rẹ́ bí ògiri, ó ga ju ènìyàn méjì lọ, pèrègún mẹ́rin wà lórí rẹ̀. Àwọn lékeléke ti wá ibòmíràn lọ. Ọ̀nà ibẹ̀ kò nílò ọ̀pá mọ́. Ọmọdé lè sáré dé ibẹ̀. Àtàndá ṣì ń lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kò lè gùn ún mọ́, orúnkún rẹ̀ kò gbà. Ìsàlẹ̀ ló máa ń dúró sí, lórí erùpẹ̀ pupa tó ti wà lókè nígbà kan, á gbé ojú sókè, á kí ìyàwó rẹ̀. Á sì fi ọ̀pá gún ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí àṣà, kó tó yí ẹsẹ̀ padà sílé.